Gbé fóònù fún wọn, kí o sì dákẹ́: ìrírí mi nídìí kíkọ́ àwọn ọmọ poli ní iṣẹ́ wẹ́bùsáìtì

Bí sáà tuntun bá ti wọlé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀ React?" Irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń kọ wẹ́bùsáìtì ni React. Ẹni tó ń béèrè lè má tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi líǹkì so ojú-ìwé méjì pọ̀ o, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ lórí YouTube pé React ni àwọn iléeṣẹ́ ń wá. N kì í bá wọn jiyàn. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé ọdún 2013 ni Facebook gbé React síta fún gbogbo ayé, àmọ́ HTML, èdè tí wọ́n fi ń to ohun tó wà lójú-ìwé wẹ́ẹ̀bù, ti wà látìgbà tí wẹ́ẹ̀bù fúnra rẹ̀ ti wà, kò sì tíì kú. Ìpìlẹ̀ yẹn la ti máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kùn díẹ̀, wọ́n á sì ṣí ìwé.

Poli ni mo ti ń kọ́ni, àwọn ọmọ ND ọdún kejì àti àwọn ọmọ HND. Orúkọ kọ́ọ̀sì náà gùn lórí ìwé, ṣùgbọ́n ohun méjì péré ló wà nínú rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń kọ wẹ́bùsáìtì, àti bí wọ́n ṣe ń ṣètò rẹ̀ kí ẹni tó bá ṣí i lè rí ohun tó wá ṣe níbẹ̀ ṣe. Ti àkọ́kọ́ kò le láti kọ́ni. Bí JavaScript, èdè tó ń mú kí ojú-ìwé ṣiṣẹ́, bá kọsẹ̀, browser, ìyẹn áàpù tí a fi ń ṣí wẹ́bùsáìtì, á sọ ìlà tó ti kọsẹ̀ fún ọ, wàá tún un ṣe, ó parí. Ti èkejì ló ń já wa kulẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ kóòdù tí kò ní àléébù kankan, ohun gbogbo á máa ṣiṣẹ́ bó ṣe fẹ́, síbẹ̀ èèyàn mìíràn á gbé e dání, kò ní mọ ibi tí yóò tẹ̀. Kò sí browser tó máa fi lẹ́tà pupa kọ ìyẹn sójú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ohun tí mo ti rí kọ́ nínú iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa irinṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ẹnu àwọn èèyàn máa ń gbé sí. Nínú kíláàsì mi, àwọn tí kò ní láptọ́ọ̀pù ju àwọn tó ní lọ. Yàrá kọ̀ǹpútà wà, ṣùgbọ́n iná ló ń pinnu ìgbà tó máa wúlò. Fóònù ni kò sí ẹni tí kò ní. Ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé orí fóònù Tecno tí gíláàsì rẹ̀ ti là sọ́tùn-ún sósì ló ti kọ gbogbo iṣẹ́ sáà kan, lórí áàpù tí wọ́n ń pè ní Acode. Àtàǹpàkò méjèèjì ló fi ń kọ ọ́. Nígbà tí a gbé iṣẹ́ kalẹ̀, tirẹ̀ wọ ojú fóònù wẹ́kú, kò sí ohun tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti àwọn tó ní láptọ́ọ̀pù ńlá ló fọ́nká, tó jẹ́ pé kó o tó ka gbólóhùn kan tán, wàá ti fa ojú-ìwé náà sọ́tùn-ún, wàá tún fà á padà sósì.

Ìdí kò jìnnà. Ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù á kọ ọ́ sínú CSS rẹ̀, ìyẹn kóòdù tó ń pinnu bí ojú-ìwé ṣe máa rí, pé kí ojú-ìwé náà fẹ̀ tó 1200 pixel (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di ojú kọ̀ǹpútà), torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rẹwà lójú tirẹ̀. Onífóònù kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ lójú, kò sì lè dá irú àṣà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, mo ti yí ètò padà: fóònù la máa ń kọ́kọ́ kọ wẹ́bùsáìtì fún, kọ̀ǹpútà ńlá á wá tẹ̀ lé e. Mo tún máa ń ṣí ojú-ìwé àkọ́kọ́ tí Tim Berners-Lee, ẹni tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé jáde ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì nílẹ̀ Yúróòpù, fún wọn. Ó ṣì wà ní info.cern.ch títí di òní. Mo máa ń fún fèrèsé browser pọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú wọn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á sì máa ká ara rẹ̀ sínú àyè tó bá rí. Kò sí ẹni tó kọ CSS kankan sí i. Èyí túmọ̀ sí pé látilẹ̀wá ni ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù ti mọ bó ṣe ń bá àyè mu, àwa la máa ń fi ìwọ̀n tí kò lè yẹ̀ dè é mọ́lẹ̀. Nígbà tí Ethan Marcotte, oníṣẹ́ wẹ́bùsáìtì, kọ̀wé lórí responsive web design, ìyẹn wẹ́bùsáìtì tó ń bá ojú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mu, lọ́dún 2010, ohun tó ń sọ kò jìnnà sí ìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni mo tó máa ń fún wọn ní ìlà viewport, èyí tó ń sọ fún browser pé kó lo ìwọ̀n ojú fóònù gan-an, torí pé láìsí i, browser fóònù á ṣe bí ẹni pé ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 980 pixel, lẹ́tà á sì wá rí wínníwínní bíi ti ẹ̀yìn páálí oògùn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ fáìlì kò yẹ kó gba àkókò wa, ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí n kì í rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi àwòrán sí ojú-ìwé, àdírẹ́sì tó máa kọ fún un á bẹ̀rẹ̀ láti C:\Users, ìyẹn inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan. Ẹlòmíràn á sọ fáìlì rẹ̀ ní Aso.JPG, á wá kọ aso.jpg sínú kóòdù. Windows kò ka ìyàtọ̀ náà sí, lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ gbogbo nǹkan á dán mọ́rán. Kó wá gbé e sórí GitHub Pages, ibi tí wọ́n ti ń gbé wẹ́bùsáìtì sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àwòrán á pòórá. "Sà, ó ń ṣiṣẹ́ lórí tèmi o!" Orin tí wọ́n máa ń kọ nìyẹn. N kì í kìlọ̀ fún wọn ṣáájú mọ́. Ẹni tí àwòrán ìyá rẹ̀ bá pòórá lójú gbogbo kíláàsì kò tún ní fi lẹ́tà ńlá sínú orúkọ fáìlì láyé.

Fọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ni. Ibẹ̀ ni wẹ́bùsáìtì ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lójúkojú, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń rí èèyàn fín.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kọ fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn. Ó dára lójú, ó mọ́ tónítóní. Ó ti rí ìlà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń yẹ orúkọ wò, [A-Za-z]+, tó ń gba kìkì lẹ́tà A sí Z, ó sì dà á sínú kóòdù rẹ̀ bó ṣe bá a. Mo ní kó tẹ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, kó fi àmì sí i bó ṣe yẹ. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni Ọ. Ó tẹ̀ ẹ́ tán, ó tẹ bọ́tìnnì, lẹ́tà pupa yọ: orúkọ yìí kò tọ́. Ó tún un tẹ̀. Pupa náà ló tún yọ. Ọmọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Àlejò ti lé onílé síta!" Kíláàsì sì dàrú. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ilẹ̀kùn tí kò jẹ́ kó wọlé.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn la fi wà lórí lẹ́tà. Mo yọ ìlà charset, tó ń sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́jú lẹ́tà, kúrò nínú ojú-ìwé kan, mo ṣí i ní Windows, gbogbo "ẹ" tó wà níbẹ̀ sì di "áº¹". Wọ́n ti ń rí irú rádaràda yìí lórí àwọn ìròyìn Yorùbá láti kékeré, wọn kò mọ ibi tó ti ń wá. Ohun tó fà á ni pé báìtì mẹ́ta ni UTF-8, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè, fi ń kọ "ẹ"; bí browser bá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bíi lẹ́tà tó dá dúró, lẹ́tà mẹ́ta tí kò bára mu ló máa gbé síta. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ní kí wọ́n bi JavaScript pé lẹ́tà mélòó ló wà nínú "ẹ́". Ó ní méjì. Wọ́n yarí pé irọ́ ni. Òótọ́ ni o: Unicode, àkójọ lẹ́tà gbogbo èdè tí kọ̀ǹpútà ń lò, ní àyè fún "ẹ" lódidi, ṣùgbọ́n kò ní àyè kan ṣoṣo fún "ẹ́" pẹ̀lú àmì òkè, ńṣe ni àmì náà dúró gẹ́gẹ́ bí ohun mìíràn tó gun "ẹ" lórí. Nítorí náà, bí o bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù rẹ pé orúkọ kò gbọ́dọ̀ ju iye lẹ́tà báyìí lọ, orúkọ tí wọ́n fàmì sí dáadáa ló máa kọ́kọ́ fara gbá a. Bí o bá sì ń wá orúkọ nínú àkójọ, "é" tí wọ́n tẹ̀ lódidi àti "é" tí wọ́n fi àmì gùn lè jọra bí ìbejì lójú, kọ̀ǹpútà á sọ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, àyàfi tí o bá fi normalize() sọ wọ́n di ọ̀kan kó o tó wá a. Àwọn olùkọ́ kan rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù fún ọmọ ND. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá máa kọ wẹ́bùsáìtì fún Yorùbá, bí kò bá mọ èyí, kí ló wá mọ̀?

Nọ́ńbà fóònù náà ní tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbọ́ pé nọ́ńbà ni, á bá ní kí àkójọ dátà tọ́jú rẹ̀ bíi nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣírò. Òdo tó bẹ̀rẹ̀ 080 á bá ìyẹn lọ, gbogbo oníbàárà á di ẹni tí kò ṣeé pè. Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe ohun tí à ń rò pọ̀ mọ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ lásán ni, bí ọ̀rọ̀ la sì gbọ́dọ̀ ṣe tọ́jú rẹ̀. Ẹ tún fi type="tel" sí i, kí bọ́tìnnì nọ́ńbà lè jáde lójú fóònù láìjẹ́ pé èèyàn ń wá a kiri. Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ẹnì kan kọ ibi tí oníbàárà ti máa sọ iye yáàdì tó fẹ́ rà. Ẹni tó ti mú 5 tó tún fẹ́ fi 1 kún un, kóòdù náà kọ 51 fún un, owó sì ru gọ̀gọ̀rọ̀. Ohun tí èèyàn bá tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, bí ọ̀rọ̀ ni JavaScript ṣe ń gbà á, bí o bá ní kó ro méjì pọ̀, ńṣe ló máa lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Nígbà tí inú bá bí wọn sí JavaScript báyìí, mo máa ń sọ fún wọn pé ọjọ́ mẹ́wàá ni Brendan Eich fi kọ èyí àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ní Netscape, iléeṣẹ́ tó ń ṣe browser nígbà náà, lọ́dún 1995. Ìyẹn máa ń tù wọ́n nínú ju àlàyé mi lọ.

Mo fẹ́ fi ti Alabama parí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù. Wẹ́bùsáìtì tí wọ́n fi fẹ́ máa ta aṣọ l'Ábẹ́òkúta, ibi tí wọ́n ti ń bèèrè ìpínlẹ̀, láti Alabama títí dé Wyoming ló tò síbẹ̀, ó tún wá fi dandan lé e pé kí oníbàárà kọ ZIP code, ìyẹn nọ́ńbà àdúgbò tí wọ́n ń kọ sára lẹ́tà. Àdàkọ àwọn ará Amẹ́ríkà ni, kò sì sí ẹni tó kà á nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé e wá. Mo bi wọ́n léèrè pé, "Ta ló mọ ZIP code ilé bàbá rẹ̀ níbí?" Gbogbo wọn dákẹ́. Mo ní, "Ẹ yọ ọ́." Èyí ti di òfin ní kíláàsì mi: ohun tí o kò ní lò, má bèèrè rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 náà kò fẹ́ kí èèyàn máa kó dátà oní-dátà jọ láìnídìí, ṣùgbọ́n kí òfin tó dé rárá, ìwà ọmọlúàbí ni.

Ó wá ku ọjà.

Ìtokú l'Ábẹ́òkúta la máa ń lọ, láàárín àwọn aládìrẹ. Ètò rẹ̀ kò pọ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gbé wẹ́bùsáìtì tó kọ sórí fóònù, wọ́n á kí oníṣọ́ọ̀bù dáadáa, wọ́n á gbé fóònù náà fún un, wọ́n á sì bẹ̀ ẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa ra yáàdì márùn-ún níbí." Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n dákẹ́. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi ìka tọ́ka, wọn kò gbọ́dọ̀ sọ "ẹ tẹ ìsàlẹ̀", wọn kò gbọ́dọ̀ mi orí. Ẹnì kan á máa kọ ohun tí ọwọ́ ìyá náà ń ṣe sílẹ̀.

Ìyá kan wà tí n kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ bi wá pé, "Ta ló máa sanwó iṣẹ́ yìí fún mi?" Àwọn ọmọ ní ọ̀fẹ́ ni mà. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ọ̀fẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà ni o." Ó gba fóònù. Oòrùn ọ̀sán wà lórí wa. Ó kẹ̀yìn sí oòrùn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú fóònù, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Lẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí funfun ni ọmọ tó kọ wẹ́bùsáìtì náà lò, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí i lórí àwọn wẹ́bùsáìtì òyìnbó. Nínú yàrá tó ní fèrèsé, ó gún régé. Ní Ìtokú, kò sí ohun tó wà níbẹ̀ rárá. Ìlànà W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù, sọ ọ́ pé ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí 4.5 sí 1 fún ọ̀rọ̀ tí kò tóbi, mo sì ti kọ nọ́ńbà yìí sójú pátákó àìmọye ìgbà. Ọjọ́ tí ìyá yẹn fi ọwọ́ bo fóònù ni wọ́n gbà á gbọ́.

Ìyá tẹ àwòrán aṣọ kan. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó fi agbára sí i, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ẹni tó mọ̀ pé ó wà nílé. Bọ́tìnnì tó yẹ kó tẹ̀ wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán náà gba gbogbo ojú fóònù, kò sí ohun tó sọ fún un pé nǹkan ṣì kù nísàlẹ̀. Ọmọ tó kọ kóòdù náà yanu pé, "Ẹ fà á—" Mo wò ó. Ó panu dé, ó ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ abíyá. Òógùn bò ó.

Ìyá wá bi fóònù náà pé, "Èló ni?"

Iye owó wà ní ojú-ìwé kejì. Kó tó débẹ̀, yóò kọ́kọ́ ka ìtàn àdìrẹ díẹ̀. Ọmọ náà ti kọ ìtàn ọ̀hún dáadáa, ó gba máàkì púpọ̀ lórí rẹ̀ nínú kọ́ọ̀sì mìíràn. Ìyá kò ka ìtàn kankan, òun gan-an ló ni ín. Ó dá fóònù padà, ó ní, "Ẹni tí kò bá sọ iye ọjà rẹ̀, kò fẹ́ tà á." Ó tún wá fi kún un pé, "WhatsApp rẹ̀ ńkọ́? Mi ò rí ibi tí mo ti máa ná an."

Nígbà tí à ń padà, ọmọ náà ní, "Sà, ìyá yẹn kò lajú ni." Mo ní ìyá tó ń gbé ọjà tuntun sórí status lójoojúmọ́, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ láti Èkó láìrí i sójú, òun lò ń pè ní aláìlajú? Kò dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún iṣẹ́ náà gbé wá, ó ti fi iye owó sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, gbogbo àwòrán náà lódidi ti di líǹkì, lẹ́tà rẹ̀ ti dúdú, àwòrán kò sì gba gbogbo ojú fóònù mọ́, orí èkejì ń yọ díẹ̀ nísàlẹ̀ kí èèyàn lè mọ̀ pé ọjà ṣì wà. Cart, ìyẹn apẹ̀rẹ̀ ọjà orí wẹ́bùsáìtì, tó fi gbogbo òru kọ, ó yọ ọ́. Líǹkì wa.me, tó ń gbé èèyàn lọ sí WhatsApp, ló fi rọ́pò rẹ̀. Ó wá bá mi jà díẹ̀ lórí ìyẹn, torí níbẹ̀, 234 ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, òdo tí mo ti ní kí wọ́n máa dáàbò bò gbọ́dọ̀ kúrò. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Ohun tó wà nínú àkójọ, má fọwọ́ kàn án, ibi tó o ti fẹ́ kọ líǹkì ni kó o ti yọ ọ́.

Ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ẹgbẹ́ mìíràn. Àmì + àti àmì − tí wọ́n fi ń yan iye yáàdì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Àǹtí tó wà níbẹ̀ fẹ́ márùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ títí, òdo ló wà níwájú rẹ̀. Kò bínú sí fóònù, ara rẹ̀ ló bínú sí: "Ọwọ́ mi ti tóbi jù." Ọwọ́ rẹ̀ kò tóbi. WCAG 2.2, ìlànà W3C lórí wẹ́bùsáìtì tí gbogbo èèyàn lè lò, tó jáde lọ́dún 2023 ní kí irú ibi tí wọ́n ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀ má kéré sí pixel 24 níbùú àti lóòró, àwọn ọmọ wọ̀nyí sì ti ṣe é ní 14. Ohun tó dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyí: èèyàn kì í dá ẹni tó kọ wẹ́bùsáìtì lẹ́bi, ara rẹ̀ ló máa ń dá lẹ́bi.

Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí nǹkan ṣe ń rọrùn fún èèyàn láti lò, kọ ọ́ lọ́dún 2000 pé èèyàn márùn-ún ti tó láti fi rí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìṣòro irú nǹkan báyìí. Àwọn onímọ̀ kan ti bá a jiyàn lórí iye náà. Ní tèmi, bí ẹgbẹ́ kan bá lè fi ẹnu mọ́ ẹnu fún èèyàn méjì péré, mo ti dúpẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló le. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé, tó rí àgbàlagbà tó ń wá nǹkan, tí wọ́n wá ní kó má ràn án lọ́wọ́! Àwọn kan sọ fún mi pé ó jọ àrífín. Mo kọ́ wọn láti kọ́kọ́ sọ fún ìyá náà pé: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé a ò ní sọ̀rọ̀, iṣẹ́ wa là ń dán wò, kì í ṣe ẹ̀yin." Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀, ara wọn àti ti ẹni tó ń dán an wò ti ń balẹ̀.

Ti dátà kò gba ọjà, inú kíláàsì náà ti tó. Àwòrán tí fóònù òde òní ń yà lè tó 4 MB ẹyọ kan, wọ́n á kó irú rẹ̀ méjìlá sójú-ìwé kan. Mo máa ń ṣí irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ lórí projector, mo máa ń ní kí Chrome sọ íntánẹ́ẹ̀tì di ti 3G tó ń wọ́, gbogbo wa á sì jókòó. A kì í sọ̀rọ̀. Àwòrán àkọ́kọ́ á máa já bọ́ díẹ̀díẹ̀ látòkè bí ẹni ń ká aṣọ sílẹ̀. Kó tó dé ìdajì, ẹnì kan á ti bẹ̀ mí pé, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á." Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dín àwòrán kù, n kì í ní kí wọ́n ṣe é.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí nípa ChatGPT. Láti ìgbà tó ti jáde ní ìparí ọdún 2022, iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé wá ti dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ti jọra: àwọ̀ elésè àlùkò tó ń ṣàn wọnú búlúù, igun roboto, ọ̀rọ̀ ńlá láàárín ojú-ìwé. N kò fòfin dè é. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́, mo máa ń ní kó yí nǹkan kékeré kan padà lójú mi, bóyá kí iye owó ṣáájú orúkọ ọjà. Ẹni tó mọ ohun tó wà nínú kóòdù rẹ̀, ìṣẹ́jú kan ti pọ̀ jù fún un. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa fa ojú-ìwé náà lọ sókè sódò bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Máàkì wà nínú ìjókòó yẹn ju inú ohun tó gbé wá lọ.

Ìdánwò orí bébà ṣì wà, èmi kọ́ ni mo ní kó wà. Kí wọ́n fi bírò kọ JavaScript sórí bébà, n kò rí ìwúlò rẹ̀. Mo máa ń tẹ kóòdù sínú ìbéèrè ni, kí wọ́n sọ ohun tó máa ṣe àti ibi tó máa ti kọsẹ̀, tàbí kí wọ́n ya ojú fóònù mẹ́ta fún ìyá tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Bírò mọ ìyẹn ṣe dáadáa.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ló ku èyí tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀ tán. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, ẹnì kan ló máa kọ gbogbo kóòdù, àwọn tó kù á ra dátà, wọ́n á ra gúgúrú, wọ́n á sì kọ orúkọ wọn sí i. Tẹ́lẹ̀, irú wọn máa ń yọ́ lọ bí a bá ti dé Ìtokú. Ní báyìí, àwọn tí kò fẹ́ràn kóòdù ni mo ń fún ní ìwé àti bírò, kí wọ́n máa kọ ohun tí ọwọ́ àwọn oníbàárà ń ṣe. Ó yà mí lẹ́nu bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe tó. Ẹni tó kọ kóòdù náà máa ń rí ohun tó fẹ́ rí, àwọn wọ̀nyí kò ní ohunkóhun tí wọ́n ń gbèjà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí kò kọ ìlà kóòdù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ló ṣàkíyèsí pé gbogbo àwọn tó lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún máa ń wá ibi tí wọ́n ti máa padà sẹ́yìn kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló tún iṣẹ́ wọn ṣe nítorí ìlà kan tó kọ yẹn. Ó ti wá ń kọ́ HTML báyìí, ó ní òun fẹ́ lè fi ọwọ́ ara òun tún un ṣe.

Ní sáà tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí ọjà ṣáájú CSS. HTML lásán la máa gbé lọ, láìní àwọ̀, láìní ọ̀ṣọ́, ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá èèyàn rí iye owó àti ibi tó ti máa ná an. Àwọn ọmọ HND ti gbọ́, wọ́n ti ń kùn pé ojú máa ti àwọn láti gbé nǹkan tó burẹ́wà bẹ́ẹ̀ lọ sí Ìtokú láàárín gbogbo àdìrẹ yẹn. Mo ní kí wọ́n wọ aṣọ tó dáa.